Ẹ̀rọ etí tí ń jí dírẹ́bà: bí ó ṣe ṣe sí láti Iléṣà dé Lomé

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí àwọn dírẹ́bà ń há sí ẹ̀yìn etí, tó máa ń ké mọ́ wọn létí bí oorun bá fẹ́ gbé wọn lọ. Mo rà á, dírẹ́bà mi ń lò ó, mi ò sì kábàámọ̀ owó mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá torí rẹ̀ gbéra ní òru ganjọ́, tí ẹ ní ẹ̀rọ ṣáà ń bẹ létí dírẹ́bà, ó sàn kí ẹ má rà á rárá. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ gbogbo ohun tí ojú mi rí, nítorí àwọn tó ń tà á kì í sọ ju ìdajì lọ.

Iléṣà ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Àtàkúmọ̀sà. Ọmọ ọ̀ṣómàáló ni mí. Bàbá tó bí bàbá mi fi ẹsẹ̀ gbé aṣọ kiri ìlú onílùú, èmi ń fi ọkọ̀ wá a kọjá bọ́dà. Lomé ni mo ti ń kó ànkárá tí àwọn oníbàárà mi fẹ́ràn, bí àyè bá sì wà, mo máa ń yà ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu. Ọ̀nà náà jìn. Ẹ ó gba Ọ̀ṣú, Ifẹ̀, Gbọ̀ngán, Ìkirè, Ìbàdàn, Èkó àti Àgbádárìgì kí ẹ tó kan bọ́dà Sẹ̀mẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Kútọnu, Ouidah, Grand-Popo, bọ́dà Hilla-Condji àti Aného, kí Lomé tó yọ. Tákísí ni mo máa ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, láti ìlú kan bọ́ sí èkejì.

Tákísí kan tó ń gbé wa bọ̀ láti Lomé ló lé mi kúrò nínú ìyẹn. Láti òru ni dírẹ́bà náà ti ń ṣiṣẹ́. Iwájú ni mo jókòó sí, mo sì ń rí i bó ṣe ń yán léraléra, tó ń fọwọ́ ra ojú, tó ń ṣí fèrèsé tó tún ń tì í. Mo ní, "Dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀." Ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó ní, "Màmá, mi ò sùn o, mò ń ronú ni." Kò pẹ́ sí i ni táyà ọ̀tún bọ́ sínú yanrìn ẹ̀gbẹ́ títì, gbogbo èrò sì figbe ta. Ọlọ́run ló yọ wá. Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù jù títí di òní ni pé ọkùnrin yẹn kò parọ́ fún mi. Ẹni tí oorun bá jí gbé báyẹn kì í mọ̀ pé òun ti lọ, ojú rẹ̀ tilẹ̀ lè là sílẹ̀. Oorun ọ̀hún lè má ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bá ń sá eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan yóò ti fi 110 mítà sẹ́yìn láàárín ìyẹn. Ó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, kò sì sí ẹni tó ń wo iwájú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gba odidi Síẹ́nà láti ilé pẹ̀lú dírẹ́bà tí mo mọ̀, tí mo sì ra ẹ̀rọ yìí fún un lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò fóònù. Kò wọ́n. Owó rẹ̀ kò tó owó epo tí ọkọ̀ wa ń jẹ láti Iléṣà dé Ìbàdàn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é, ó tẹ̀ kọdọrọ bí ẹ̀yìn etí ṣe rí, bátìrì pẹlẹbẹ irú èyí tó ń wà nínú aago ọwọ́ ló ń lò. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń mọ̀ bí orí bá ti tẹ̀ síwájú kọjá ààlà. Bí orí bá tẹ̀ báyìí, á ké kíkankíkan, títí èmi tí mo wà lẹ́yìn á fi gbọ́. Mo fẹ́ràn pé ó ń ké sí èrò létí náà, nítorí dírẹ́bà kò lè sọ fún mi mọ́ pé òun ń ronú.

Wàhálà rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé ó máa ń ké nígbà tí kò yẹ kó ké. Bí dírẹ́bà bá tẹríba wo mítà epo, á ké. Bó bá wá owó nínú àpò fún àwọn tó dá wa dúró, á ké. Ibi tí títì ti bàjẹ́, tí ọkọ̀ ń bọ́ sí kòtò, ibẹ̀ gan-an ni kì í sinmi. Àwọn dírẹ́bà mìíràn á bínú pa á, wọ́n á sì jù ú sínú dáṣíbọ́ọ̀dù títí ìrìn àjò á fi parí. Tèmi náà ráhùn. Mo ní, "Ọmọ mi, fara dà á. Igbe asán sàn fún mi ju ìdákẹ́jẹ́ lọ." Ó tún máa ń dun etí bó bá pẹ́, pàápàá nígbà tí òógùn bá bò ó. A máa ń yọ ọ́ bí a bá dé bọ́dà, a ó sì há a sí etí kejì bí a bá tún ń lọ.

Wàhálà kejì ni kí ẹ fiyè sí dáadáa. Ẹ̀rọ yìí kò mọ ojú, orí nìkan ló mọ̀. Ojú ọ̀nà Ouidah sí Grand-Popo dán, ó sì tọ́, àgbọn lọ́tùn-ún, àgbọn lósì, kò sí ohun tó ń jí ènìyàn. A ti jẹun tán ní Kútọnu, oòrùn mú ganrínganrín. Dírẹ́bà mi gbé orí lé ìrọ̀rí àga, ó fi ẹ̀yìn tì. Ẹ̀rọ kò ké rárá. Ọkọ̀ ló fi hàn mí: ó ń rọra sún mọ́ ìlà àárín títì, ó ń padà, ó tún ń sún mọ́ ọn. Mo pe orúkọ rẹ̀, ó ta gìrì. Orí tó bá ṣubú sẹ́yìn kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ náà mọ̀ pé oorun ti dé. Mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni tó ń tà á sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá sì tún jẹ́ iwájú ni orí ń ṣubú sí, ẹ rántí pé lẹ́yìn tí oorun ti gbé ènìyàn ni orí ń tẹ̀. Ó ń jí ẹni tó ti sùn ni, kò lè dá oorun dúró kó máà wá.

Nítorí náà, èmi àti dírẹ́bà mi ní àdéhùn. Bí ẹ̀rọ bá ké, tí kì í ṣe pé ó tẹríba wo nǹkan, ilé epo tó bá kàn la máa yà sí. A kì í dúró sí etí títì, nítorí ọkọ̀ akẹ́rù lè wá gbá wa níbẹ̀. Á mu kọfí tàbí kó jẹ obì, á sì tẹ àga sẹ́yìn kó sùn, èmi á fi fóònù ká ìṣẹ́jú 20. Àwọn èrò mìíràn máa ń bi mí léèrè pé kí ló dé tí ẹni tó fẹ́ sùn tún ń mu kọfí. Káfíìnì tó wà nínú kọfí, tó sì wà nínú obì, kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀; ó tó ìdajì wákàtí kó tó ràn. Bó bá jí, á bá a lára. Kí oorun náà sì má pẹ́ jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á jí pẹ̀lú ara wíwúwo, kò sì ní tètè mọ ibi tó wà. Ọtí àgbo paraga tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, ẹ máà jẹ́ kó fẹnu kàn án. Ọtí ni, oorun ló ń kó wá. Orin aláriwo àti fèrèsé ṣíṣí kò ju kí wọ́n tan ènìyàn fún ìṣẹ́jú mélòó kan.

Àkókò tí ẹ gbéra ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ lọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n nílùú yìí: "Ẹ jẹ́ ká jáde ní aago méjì òru, ká lè kọjá Bẹ́gà kí gọ̀-sílóò tó bẹ̀rẹ̀." Ara ènìyàn ní àkókò tirẹ̀ tó ń béèrè oorun. Àárín aago méjì sí mẹ́fà ìdájí ni oorun ń fagbára fani jù, yóò tún padà wá fúyẹ́ díẹ̀ láàárín aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán. Ẹni tó bá gbéra ní aago méjì òru lọ sí Lomé ti mú àkókò méjèèjì pọ̀ sínú ìrìn kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Dírẹ́bà tó jí ní aago kan òru ti lo wákàtí 17 lójúfò bó bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ní 1997, àwọn olùwádìí méjì ní Australia, Dawson àti Reid, fi hàn pé ẹni tó ti lo wákàtí 17 láìsùn ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀n yẹn ni òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò gba kí awakọ̀ kọjá. Bọ́dà Hilla-Condji tún ń tan ni. Aago Tógò fi wákàtí kan rẹlẹ̀ sí ti Bẹ̀nẹ̀ àti tiwa. Bí ẹ bá ti kọjá, fóònù á ní aago márùn-ún ni, dírẹ́bà á ní ọjọ́ ṣì wà. Ara rẹ̀ kò yí aago padà.

Agbègbè wa yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ikú ojú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, tó ń pa akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, wà lára ohun tó mú Wọlé Ṣóyínká, nígbà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, dìde sí ọ̀rọ̀ ààbò ojú pópó. Wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1977, nígbà tí Ifẹ̀ àti Iléṣà ṣì wà lábẹ́ Ọ̀yọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá dá FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó gbogbo Nàìjíríà, sílẹ̀ ní 1988, Ṣóyínká ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí lè yẹ táyà wò, wọ́n lè béèrè láísẹ́ǹsì, wọ́n lè ní kí dírẹ́bà fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tó ń wá ọtí. Kò sí èyí tí wọ́n lè ní kó fẹ́ atẹ́gùn sí fún oorun. Èrò tó jókòó nínú ọkọ̀ nìkan ló lè rí i, ìyẹn ni mo ṣe ń bẹ̀ yín kí ẹ má tijú láti sọ̀rọ̀.

Ní ilẹ̀ àjọṣepọ̀ Yúróòpù, wákàtí iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń ṣọ́. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ńlá tàbí ọkọ̀ akẹ́rù tó bá ti wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ gbọ́dọ̀ sinmi ìṣẹ́jú 45, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Láti oṣù keje 2024, ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ tó ti rẹ̀. Àwọn Mercedes kan ti ní in láti 2009, díẹ̀ nínú wọn sì ti di tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ bá wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹ rí àwòrán ife kọfí tó tàn níwájú dírẹ́bà, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló gbóná. Ọkọ̀ ń sọ pé kó sinmi ni.

Lọ́dọ̀ tiwa, ojúmọ́ la fi ń gbéra báyìí, Kútọnu la sì ń sùn. Owó ilé àlejò wà nínú iye tí mò ń ta aṣọ, àwọn oníbàárà mi kò sì tíì sá. Èmi gan-an ló ń sanwó yàrá dírẹ́bà, nítorí dírẹ́bà tó bá sùn nínú ọkọ̀ láàárín ẹ̀fọn àti ariwo kò sùn. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò dínkù bí a bá pẹ́ lọ́nà. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń gba iye kan pàtó lọ́jọ́ kan ló ń fipá mú dírẹ́bà lọ kó sì padà láìfi ẹ̀yìn lélẹ̀. Irú dírẹ́bà bẹ́ẹ̀, bí ẹ há ẹ̀rọ márùn-ún sí i létí, kò ní ràn án.

Nínú márùn-ún, mẹ́ta ni mo fún ẹ̀rọ náà. Bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, àwọn tó ń tún aago ṣe sì ní i. Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ ọmọdé, nítorí bí ó bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ há a sí etí níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ rọra tẹ orí síwájú bí ẹni tó ń tòògbé. Bí àgbọ̀n yín bá ti kan àyà kó tó ké, ẹ dá a padà, kí ẹ mú òmíràn.