Bí ìdí alùpùpù tòkunbọ̀ bá gbẹ jù, ẹ sá!

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ojú ń tì mí láti kọ èyí, ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta alùpùpù tòkunbọ̀ nílùú yìí ló rẹ́ mi jẹ. Yamaha Virago 535 ni. ₦900,000 ni mo kà lé e lọ́wọ́, owó àjọ oṣù mẹ́jọ! Alùpùpù yìí kò ní ṣéènì. Ṣáàfútù, ọ̀pá irin kan, ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, inú dúrọ́ọ̀mù, agolo irin tó wà láàárín ẹsẹ̀ náà, sì ni bíréèkì ẹ̀yìn wà. Mo sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kán ọ́ìlì kan ò sí. Ẹni tó ń tà á ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó, kì í jò." Ó fi àkísà nù ún lójú mi, àkísà ò dọ̀tí. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀dẹ̀!

Kì í ṣe pé mi ò mọ alùpùpù o. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gùn ún.

Lọ́jọ́ kẹta, mẹkáníìkì mi tú nọ́ọ̀tì ojú ọ́ìlì jíà ẹ̀yìn, níbi tí ṣáàfútù ti pàdé ẹsẹ̀, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ìka jáde ní gbígbẹ. Ó rọ ọ́ìlì sí i. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn ṣú tó tún mọ́, bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Ọláìyá, mo tẹ bíréèkì ẹ̀yìn, àfi bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Ọpẹ́lọpẹ́ bíréèkì iwájú, ìdí kọ́rópe kan ni ǹ bá rọ́ sí.

Nígbà tí a yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ṣúù bíréèkì méjèèjì, àwọn tó ń fún mọ́ dúrọ́ọ̀mù kí ẹsẹ̀ lè dúró, ti rin gbindin, wọ́n ń rùn bí imí ọjọ́. Òórùn ọ́ìlì jíà nìyẹn, ti ẹ́ńjìnnì kì í rùn bẹ́ẹ̀. Síìlì, rọ́bà tó yẹ kó dí ọ́ìlì jíà kó má wọ inú dúrọ́ọ̀mù, ti ya. Olè yìí fa gbogbo ọ́ìlì jáde kó má bàa jò lójú mi! Ó mọ̀! Jíà ìbá jẹ ara wọn run, kò kàn án!

Mo padà lọ bá a. Ó ní, "Ọ̀gá, tòkunbọ̀ kì í ní gàráǹtì."

Ẹ̀bi tèmi náà ni, mo kánjú, mi ò mú mẹkáníìkì dání. Ṣùgbọ́n ta ló ń ronú pé ènìyàn á fa ọ́ìlì dànù torí àtita ọjà?

Ẹ ní kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì yẹn lójú yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ gùn ún títí yóò fi gbóná, kí ẹ wá fi ìka ra etí dúrọ́ọ̀mù nísàlẹ̀, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ṣúù tó bá ti mu ọ́ìlì, ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ó tán.

Olè ni gbogbo wọn jàre. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀, torí òun náà ń ta táyà. Kó máa bínú.

Síìlì ò tíì dé láti Èkó. Alùpùpù wà lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìnkùlé, ìyàwó mi ti ń sá aṣọ lé e.