Google Colab lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́ data engineering ní Ògbómọ̀ṣọ́

Data engineering ni iṣẹ́ kíkó dátà jọ, títún un ṣe àti gbígbé e síbi tí wọn yóò ti lò ó. Colab ni ojú ewé Google tí a ti ń kọ kóòdù Python, tí a sì ń ṣe é; ọ̀fẹ́ ni. Bíráúsà àti àkáǹtì Google nìkan lẹ nílò. Ẹ̀rọ Google tó wà lókè òkun ni yóò ṣe iṣẹ́ tí ẹ bá rán an. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ń gbé Under G, tí RAM láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kò ju 4GB lọ, á rí bíi 12GB lò níbẹ̀ pẹ̀lú CPU méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Google kò ṣèlérí pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lójoojúmọ́. Àǹfààní tó tóbi jù níbẹ̀ kì í tètè hàn: bí ẹ bá fi `!wget` fa fáìlì wọlé, orí ẹ̀rọ wọn ló ń lọ, MB tí ẹ rà kò ní dín. Àwọn tó ń bójú tó táksí ní New York máa ń gbé àkọsílẹ̀ ìrìnàjò síta ní fáìlì Parquet, irú fáìlì tó ń to table ní kọ́lọ́ọ̀mù kọ́lọ́ọ̀mù. Ti táksí yẹ́lò ní oṣù kìíní ọdún 2023 nìkan lé ní mílíọ̀nù 3 ìlà. Ó tó fi kọ́ iṣẹ́.

Ẹ ka ìkéde iṣẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́ dáadáa. SQL (èdè tí a fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ table dátà) àti Python ló máa ń ṣíwájú. Spark (tó ń pín iṣẹ́ dátà ńlá sí wẹ́wẹ́), Airflow (tó ń ṣètò ìgbà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò wáyé), Kafka (tó ń gbé dátà bó ṣe ń dé), Git (tó ń tọ́jú àyípadà kóòdù) àti ọ̀kan nínú AWS, Azure tàbí Google Cloud (cloud, ẹ̀rọ ayálò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) á tẹ̀lé e. Spark ló lórúkọ, òun ni ọ̀pọ̀ ń sáré bá, bẹ́ẹ̀ SQL ni asẹ́ tí àwọn agbanisíṣẹ́ fi ń sẹ́ èèyàn. Wọ́n á ní kí ẹ mú àkọsílẹ̀ tó dé gbẹ̀yìn fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. `ROW_NUMBER() OVER (PARTITION BY onibara_id ORDER BY asiko DESC)` ni ẹ ó lò: ó ń fi nọ́ńbà sí ìlà oníbàárà kọ̀ọ̀kan, èyí tó dé gbẹ̀yìn ló ń gba 1, òun sì ni kí ẹ mú. DISTINCT, tó ń sọ àwọn ìlà tó bára mu délẹ̀ di ẹyọ kan, kò lè ṣe é, nítorí bí aago bá ti yàtọ̀, ìlà méjèèjì ti yàtọ̀ lójú rẹ̀. Ẹ fi `!pip install duckdb` gbé DuckDB, ètò SQL kékeré kan, wọ Colab, SQL yín á máa ka Parquet tààrà.

Dátà ilé wa ló tún kọ́ni ju ti New York lọ, torí ó dọ̀tí. Ká ní àwọn tó ń ra kajú fi ìwé ìwọ̀n ránṣẹ́: ẹnì kan kọ Ogbomosho, ẹnì kejì kọ Ogbomoso, ẹnì kẹta kọ Ògbómọ̀ṣọ́. GROUP BY, àṣẹ SQL tó ń kó ìlà sí ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, á sọ ìlú kan di mẹ́ta. Èyí tí ojú kò rí ló burú jù: a lè tẹ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ tí a fi àmì lé lórí, tàbí ó tí a fi àmì sí nísàlẹ̀. Ọ̀kan náà ni lójú wa, méjì ni lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ fi `unicodedata.normalize("NFC", ...)` sọ wọ́n di ọ̀kan kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ṣe table tí yóò darí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹyọ kan.

Spark náà ń ṣiṣẹ́ lórí Colab. Bó bá ní "Java gateway process exited", Java, tí Spark gbára lé, ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: Spark 4 kò gba èyí tó kéré sí 17. Ẹ dín `spark.sql.shuffle.partitions`, iye ìpín tí Spark ń fọ́ dátà sí, kù láti 200 sí 4 tàbí 8. CPU méjì ò nílò igba iṣẹ́ pẹ́pẹ̀pẹ́. Ẹ má sì pe `toPandas()` lórí dátà ńlá: gbogbo ẹ̀ ló máa kó sínú RAM ẹ̀rọ kan ṣoṣo, session (àkókò tí ẹ̀rọ náà fi wà lọ́wọ́ yín) á kú, ohun tí ẹ ti ṣe á lọ.

Ibi tí Colab kùnà sí nìyí: kì í dúró. Wákàtí 12 ló pọ̀ jù tí session ọ̀fẹ́ lè lò, bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ láìfọwọ́kàn, ó lè má tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú `/content`, fódà orí Colab, á pòórá, àfi èyí tí ẹ bá kó sí Google Drive. Airflow àti Kafka kò lè gbé irú ilé bẹ́ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù ni wọ́n ń fẹ́, pẹ̀lú Docker, ètò tó ń fi ohun èlò kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tirẹ̀; àwọn tó ṣe Airflow fúnra wọn ní kí Docker ní RAM 4GB ó kéré tán, 8GB ló sì dára. Tòkunbọ̀ tó ní 16GB á ṣe é.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ tilẹ̀ wúlò níbí. Bí iṣẹ́ bá já láàárín, tí ẹ tún un ṣe, ṣé ìlà ọjọ́ yẹn á di ìlọ́po méjì? Agbanisíṣẹ́ á bi yín. Ẹ pa ti ọjọ́ náà rẹ́ kí ẹ tó kọ ọ́ padà, tàbí kí ẹ lo MERGE, àṣẹ SQL tó ń tún ìlà tó ti wà ṣe, tó sì ń fi tuntun kún un. Ẹ yẹ `catchup` wò pẹ̀lú: bó bá wà ní True, gbogbo ọjọ́ tí ẹ̀rọ fi kú ni Airflow á fẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

Colab tún ń kọ́ni ní ìwà kan tí kò dára, kéèyàn máa ṣe sẹ́ẹ̀lì (àpótí kóòdù kọ̀ọ̀kan) bó ṣe wù ú, tí kóòdù á fi máa gbára lé ohun tó ti paarẹ́ tipẹ́. Ẹ máa tẹ "Restart session and run all", kí ẹ sì gbé iṣẹ́ náà sínú fáìlì .py lórí GitHub (ibi ìpamọ́ kóòdù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) pẹ̀lú pytest tí yóò máa dán an wò.

Ẹ má sanwó Colab Pro tìtorí iṣẹ́ yìí. GPU (ẹ̀rọ ìṣírò tó yára) ló ṣe kókó nínú ohun tí wọ́n ń tà, a ò sì nílò ẹ̀. Ẹ fowó ọ̀hún kún ti RAM. Ní ti cloud, BigQuery sandbox, apá ọ̀fẹ́ ti ilé ìpamọ́ dátà Google, kò béèrè káàdì báńkì: 10GB ibi ìpamọ́ àti 1TB ìbéèrè lóṣù, ṣùgbọ́n table á parẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 60, MERGE kò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kọ́lọ́ọ̀mù tí ẹ bá kà ni wọ́n ń ṣírò, nítorí náà `SELECT *` á jẹ 1TB yín kíákíá, LIMIT 10, tó ní kí ìlà mẹ́wàá péré jáde, kò sì ní dín in kù.