"Exclude" àti "preclude": ìgbà tí wọ́n tilẹ̀kùn ló yàtọ̀

Inú ọ̀rọ̀ Látìn kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì yìí ti wá, "claudere", tó túmọ̀ sí láti ti nǹkan pa. "Ex" ni òde, torí náà ẹni tí wọ́n bá "exclude", ìta ni wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn sí. Ìyẹn ò le.

"Prae", ìyẹn "pre" inú "preclude", ló gba àròjinlẹ̀ díẹ̀. Ó túmọ̀ sí ṣáájú: wọ́n ti ti ọ̀nà pa kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀. Lójú tèmi, "preclude" ló burú jù, torí ẹni tó wà níta ṣì lè kanlẹ̀kùn. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò ó fún. Wọ́n lè "exclude" orúkọ èèyàn kúrò nínú àkọsílẹ̀, àmọ́ àdéhùn tí ẹnì kan ti tọwọ́ bọ̀ lè "preclude" ẹjọ́ tó fẹ́ pè lọ́la.