Módù bátìrì tòkunbọ̀: Leaf tàbí Tesla, èwo ló gba párálẹ́ẹ̀lì nílé?

Ẹni tó bá fẹ́ fi bátìrì mọ́tò oníná ṣe ìnfátà 48 fólítì n'Ífẹ̀, kó má fi iye owó nìkan yan ọjà. Ìlà kan, ìyẹn módù mélòó kan (àpótí kékeré tí sẹ́ẹ̀lì bátìrì wà nínú rẹ̀) tí a tò lẹ́sẹẹsẹ, kì í tó ilé tí iná ìjọba ń ṣe ségesège. Ẹ ó so èkejì mọ́ ọn lọ́jọ́ kan. Párálẹ́ẹ̀lì yẹn, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, ni ewu wà.

Nissan Leaf (mọ́tò 24 kWh). Módù kan jẹ́ 7.6 fólítì, nǹkan bí 500 Wh nígbà tó wà ní tuntun. Méje lẹ́sẹẹsẹ ni ìlà kan: 58.8 fólítì tó bá kún dé ẹnu. Ẹ má gbé e débẹ̀, 57.4 ti tó, kó má sì lọ sísàlẹ̀ ju 46 lọ. Ìnfátà 48 tó ṣe é sẹ́ẹ̀tì gbà á dáadáa.

Orí mẹ́ta ni módù náà ní. Ti àárín ni BMS (ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ fólítì sẹ́ẹ̀lì) fi ń wo ìdajì kọ̀ọ̀kan, òun náà lẹ ó fi dá ọjà tó ti bàjẹ́ mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lọ rà á l'Ékòó, ẹ gbé mítà tiyín dání: ẹ wọn pupa sí àárín, kẹ́ ẹ tún wọn àárín sí dúdú. Bí ìyàtọ̀ bá ju 0.05 fólítì lọ, tàbí tí sẹ́ẹ̀lì bá ti wà lábẹ́ 2.5, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó ti wú, ẹ má tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Leaf kò ní omi tó ń tù ú, ooru ló ń pa á. Ti 2011 àti 2012 ló tètè gbó jù, ẹ béèrè ọdún mọ́tò. Nílé, ẹ dì wọ́n mọ́ra láàárín pátákó méjì, kó má sì jẹ́ abẹ́ páànù tó ń gbóná lóṣù kejì.

Tesla Model S. 22.8 fólítì, nǹkan bí 5.3 kWh ní tuntun, méjì péré ni ìlà kan. Ojú ìsopọ̀ kéré, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n 50.4 fólítì ni òpin rẹ̀, ìnfátà tí wọ́n sẹ́ẹ̀tì fún bátìrì olómi sì ń chájì kọjá 56. Ìyẹn ju 4.6 lọ lórí sẹ́ẹ̀lì tí kò gbọ́dọ̀ kọjá 4.2, iná ló máa ń yọrí sí. Ẹ yẹ páìpù omi rẹ̀ wò: bí ó bá ti jò, sẹ́ẹ̀lì á ti máa dógùn-ún.

Fún ilé tó máa fi ìlà kún ìlà, Leaf láti inú mọ́tò kan náà la yàn. Tí owó BMS àti fíúsì bá gbé e dé iye LFP (irú bátìrì lítíọ́ọ̀mù mìíràn) tuntun 51.2 fólítì tó ní BMS nínú, ẹ ra LFP.

Ìsopọ̀ fúnra rẹ̀. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní BMS tirẹ̀. Ẹni tó so módù méjì-méjì pọ̀ kó tó tò wọ́n á dín BMS kan kù, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó ń kú á máa fa ẹnìkejì rẹ̀ lulẹ̀, BMS kò sì ní mọ̀.

Kí fíúsì kan wà lẹ́bàá orí pupa ìlà kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n kọ fólítì DC tó ju 58.8 lọ sí lára. Ti AC inú ilé lè má pa iná DC. Láìsí fíúsì, bí ìlà kan bá bàjẹ́, àwọn yòókù ló máa tú iná wọn sí i lára.

Ẹ chájì ìlà méjèèjì lọ́tọ̀ dé fólítì kan náà. Ìyàtọ̀ 1 fólítì lórí ìdènà 0.01 ohm, 100 áńpì ló ń rọ́ wọlé nìyẹn. Ẹ so dúdú mọ́ dúdú, kẹ́ ẹ fi gílóòbù iwájú mọ́tò, 12 fólítì 55 wáàtì, sáàárín pupa méjèèjì, kẹ́ ẹ gbé mítà lé orí gílóòbù náà. Kó kú nìkan kò tó. Ẹ dúró kí mítà sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ 0.05. Wáyà ìlà méjèèjì gbọ́dọ̀ gùn dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èyí tó kúrú ló máa ṣiṣẹ́ jù, òun ló sì máa kọ́kọ́ gbó.

Bátìrì olómi tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ àárín wọn rárá, bẹ́ẹ̀ ni LFP kò gbọdọ̀ bá Leaf pọ̀: fólítì tí wọ́n fi ń kún yàtọ̀ síra. Ẹ fún bátìrì olómi ní ìnfátà tirẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ tà á.