Àpò ìwé ẹ̀bùn inú ìhágún: èyí tó yẹ kẹ́ ẹ lò, èyí tó yẹ kẹ́ ẹ dá padà

Ọ̀pọ̀ yunifásítì, ilé ìwòsàn àti àjọ aláàánú ló ní àpò ìwé kan tí wọ́n ń fún ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ fún wọn nínú ìwé ìhágún. Ọ̀fẹ́ ni. Ìwé pélébé tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ wọn máa ń wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ojú ìwé gbólóhùn àpẹẹrẹ, fọ́ọ̀mù àfikún fún ẹni tó ti ní ìwé ìhágún tẹ́lẹ̀, àti káàdì tí wọ́n fi ń sọ fún iléeṣẹ́ náà pé wọ́n ti fi í sí i. Àwọn kan tún máa ń ní àwọn á san owó lọ́yà. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló wúlò bákan náà.

Ojú ìwé gbólóhùn àpẹẹrẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí. Àwọn fọ́tò ẹlẹ́rìn-ín tó ṣáájú rẹ̀ kò ní sá lọ. Ohun mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ bá níbẹ̀: orúkọ tí iléeṣẹ́ náà ń jẹ́ lábẹ́ òfin, pẹ̀lú àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ pé bó bá ti yí orúkọ padà, tó dà pọ̀ mọ́ òmíràn tàbí tó kógbá sílé, kí ẹ̀bùn náà bọ́ sọ́wọ́ àjọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, àti ọ̀rọ̀ pé rìsíìtì tí akápò wọn bá fọwọ́ sí ti tó. Ọ̀rọ̀ rìsíìtì yìí kéré lójú, àmọ́ òun ló ń sọ ẹrù kalẹ̀ lórí apíngún, kó má bàa di pé ó ń wádìí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó náà.

Orúkọ ni àṣìṣe ti ń wọlé jù. Orúkọ táráyé fi ń pe àjọ kan lè má sí nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ rárá. Ilé ìwòsàn àti àjọ tó ń kówó jọ fún un lè jẹ́ méjì lójú òfin. Ẹ̀ka kan ní yunifásítì kì í sábà dá dúró lójú òfin, torí náà yunifásítì lẹ máa kọ, kẹ́ ẹ wá fi kún un pé ẹ̀ka báyìí ni kí wọ́n ná an fún. Àpò tí kò bá kọ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ síbi tójú á ti tètè rí i, òdo la fún un. Alfred Nobel, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Ẹ̀bùn Nobel, kò lo lọ́yà nígbà tó kọ ìwé ìhágún tirẹ̀ ní 1895. Kò sí iléeṣẹ́ kankan nílẹ̀ tó máa gba owó náà, kò sì bi àwọn tó ní kó máa fúnni lẹ́bùn bóyá wọ́n á gbà. Ó kú ní 1896, àwọn kan nínú ẹbí takò ó, ó sì di 1900 kí iléeṣẹ́ tó ń bójú tó owó náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Lẹ́yìn orúkọ, irú ẹ̀bùn ló kàn. Iye owó pàtó rọrùn láti kọ, àmọ́ àsìkò ń jẹ ẹ́. Bí ọjà bá ń fi ìdá 5 nínú 100 wọ́n sí i lọ́dọọdún, 10,000 tẹ́ ẹ kọ lónìí kò ní ra ju ohun tí nǹkan bí 3,770 ń rà lónìí lọ lẹ́yìn ogún ọdún. Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn ìpín nínú ohun tó bá ṣẹ́kù fi dára jù nínú àpò náà. Ohun tó ṣẹ́kù ni ohun tó kù lẹ́yìn gbèsè, ìnáwó ìsìnkú, owó orí àti àwọn ẹ̀bùn tó ní iye. Ká ní gbogbo dúkìá jẹ́ 200,000, tí gbèsè àti ìnáwó gba 30,000, tí àwọn ẹ̀bùn tó ní iye gba 50,000, ohun tó kù jẹ́ 120,000, ìdá 10 nínú rẹ̀ sì jẹ́ 12,000. Àmọ́ bí dúkìá bá lọ sílẹ̀ sí 90,000, ìdá 10 yẹn á di 1,000 péré, torí ohun tó ṣẹ́kù ni ìyà kọ́kọ́ ń jẹ. Ọ̀pọ̀ àpò kì í sọ èyí.

Ẹ má fi ìdá nínú 100 pín in bí ẹ bá lè yẹra fún un. Àwọn èèyàn máa ń ro ó tì, kí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 95 tàbí 105. Ẹ kọ ìpín: "ìpín 20 ni kí wọ́n pín in sí, kí àwọn ọmọ mi gba 17, kí àjọ yìí gba 3." Ìṣirò rẹ̀ rọrùn láti yẹ̀ wò. Ní ti ohun èlò pàtó, bí àwòrán tàbí ilé, bẹ́ ẹ bá tà á kẹ́ ẹ tó kú, ẹ̀bùn náà ti dòfo nìyẹn. Iléeṣẹ́ náà sì lè kọ̀ ọ́ torí owó ìtọ́jú rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n.

Gbólóhùn kan wà tí wọ́n sábà máa ń fi pamọ́ sísàlẹ̀: kí àjọ gba ogún bí ẹni tẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún kò bá sí mọ́. Ohun tí James Smithson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní 1826 nìyẹn. Ọmọ ìyá rẹ̀ ló bí ẹni tó fi ọrọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún, pé bó bá kú láìbímọ kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ọkùnrin náà kú láìbímọ ní 1835, bí Smithsonian, àjọ ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ìwádìí ní Amẹ́ríkà, ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1846 nìyẹn.

Ibi tí àpò náà ti kù díẹ̀ káàtó ni ìlà òfìfo tó ní "kí wọ́n lo ẹ̀bùn mi fún…". Ó ń ti èèyàn sí kíkọ ohun tó há jù. Bí ìtọ́jú àìsàn kan bá yí padà, tàbí tí wọ́n pa ẹ̀kọ́ kan rẹ́, ó lè di ọ̀rọ̀ kóòtù kí wọ́n tó lè ná owó náà. Ẹ kọ ọ́ bí ìfẹ́ ọkàn: "ó wù mí kí wọ́n ná an fún báyìí, àmọ́ mi ò fi dè wọ́n."

Fọ́ọ̀mù àfikún ni kẹ́ ẹ dá padà. Ìwé kékeré tó dá dúró ló ń sọnù. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ọjọ́ tí ìwé ìhágún gan-an ní láìṣì, ó sì gbọ́dọ̀ ní irú ẹlẹ́rìí tí ìwé ìhágún fúnra rẹ̀ ní. Ní England, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pa pọ̀, bí ẹlẹ́rìí tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá sì wà lára àwọn tó ń gba ẹ̀bùn, ìpín tirẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ní ilẹ̀ Faransé, ìwé tí èèyàn dá kọ láìlọ sọ́dọ̀ nótárì, ìyẹn amòfin tí ìjọba fún láṣẹ láti fòǹtẹ̀ lu ìwé, gbọ́dọ̀ jẹ́ ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀ látòkèdélẹ̀, kò sí fọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ̀ tó lè rọ́pò rẹ̀. Òfin ibẹ̀ kò tún gbà kí ẹni tó lọ́mọ kan fi ju ìlàjì lọ sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Ọmọ méjì, ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọmọ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí ẹ bá sì lo pínnì sára ìwé ìhágún, ẹ má yọ ọ́: àpá rẹ̀ ń mú kí wọ́n béèrè ìwé wo ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Lọ́yà ọ̀fẹ́ kò burú fún ìwé tí kò lọ́jú pọ̀. Kẹ́ ẹ ṣáà rí i pé ẹ̀yin ni lọ́yà náà ń ṣiṣẹ́ fún, pé kò sí òṣìṣẹ́ àjọ náà ní yàrá yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lára ẹlẹ́rìí. Bí ẹ bá ní ilé ní orílẹ̀-èdè mìíràn, iléeṣẹ́ aládàáni tàbí ọmọ láti ìgbéyàwó méjì, ẹ fowó yín wá lọ́yà.

Káàdì ìfitónilétí kò de ẹnikẹ́ni, ẹ lè yí èrò padà. Síbẹ̀ ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀dà gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, kì í ṣe ìwé ìhágún odindi, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti lè rí i pé ẹ ṣi orúkọ wọn kọ. Owó ìfẹ̀yìntì àti owó ìbánigbófò sábà máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ìwé ìhágún kọjá. Inú fọ́ọ̀mù iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà ni orúkọ àjọ gbọ́dọ̀ wà.