Ẹ ṣọ́ra fún epo pupa inú ìgò tó wà nígboro Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, pàápàá ẹ̀yin ìyá olóúnjẹ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán kí ẹ tó lọ ra epo. Epo pupa kan wà nígboro báyìí, inú ìgò lítà mẹ́rin ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, ìgò mẹ́rin ló wà nínú páálí kan. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára mọ́ rekete, wọ́n ya ìdì ẹyìn sí i, nọ́mbà NAFDAC wà níbẹ̀. Mo rà á. Mo fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta kí ojú mi tó là. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun náà ni kò sì jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ LAUTECH ni mo ti ń ta oúnjẹ, àwọn ọmọ iléèwé ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Látọjọ́ yìí, ọwọ́ ìyá kan tó máa ń gbé epo wá láti apá Oǹdó ni mo ti ń rà, inú kẹ́ẹ̀gì, mi ò sì rí àléébù kankan níbẹ̀. Àìsàn dá ìyá náà dúró sílé, ni mo bá wá epo lọ sí Àràdà. Ọkùnrin onísọ́ọ̀bù kan ló gbé ti inú ìgò yìí jáde. Ó ní, "Ìyá mi, èyí ni kẹ́ ẹ máa rà. Ti iléeṣẹ́ ni, ó ní nọ́mbà. Kì í ṣe epo kẹ́ẹ̀gì téèyàn ò mọ ohun tí wọ́n dà sí i." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo san owó páálí méjì.

Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ fura. Epo náà dà sí mi lọ́wọ́ nígbà tí mò ń rọ ọ́, mo fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́, kò lọ. Abẹ́ èékánná mi pọ́n bí ẹni tó fi osùn para. Abọ́ ike funfun tí mo fi bù ú pọ́n rẹ́súrẹ́sú, mo fọ̀ ọ́ títí, mo sá a sóòrùn, ó sì wà bẹ́ẹ̀ di òní. Epo gidi a máa ba aṣọ jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti pa á lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, àwọ̀ rẹ̀ á máa rọlẹ̀. Mo rí gbogbo èyí, mo ṣì ń sọ fún ara mi pé bóyá epo tuntun ni ó pọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni mo fẹ́ se ọbẹ̀ ata díndín. Mo gbé epo kaná, mo dé e, mo fi iná jẹ́jẹ́ sí i bí a ṣe máa ń ṣe. Gbogbo ẹni tó bá ti jó epo rí ló mọ̀ pé bó bá ti gbóná dé ojú ẹ̀, pupa yẹn á ṣá, epo á wá máa dà bí òróró. Ara ẹyìn ni pupa epo gidi ti wá, iná sì máa ń pa á. Èyí kọ̀. Èéfín gba gbogbo ilé ìdáná, àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ń wúkọ́, mo ṣí ìkòkò, ó ṣì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Mo pa iná. Mo jókòó sórí àpótí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye abọ́ ìrẹsì àti ẹ̀wà tí mo ti bù láti ọjọ́ Ajé.

Kí ó yé wa o, jíjó epo nílé kì í ṣe àyẹ̀wò. Láàbù nìkan ló lè sọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn. Ṣùgbọ́n a mọ ohun tí àwọn oníjìbìtì epo máa ń ṣe: àró kan tí wọ́n ń pè ní Sudan ni wọ́n máa ń dà sí epo tó ti pẹ́ tó ti ṣá, tàbí èyí tí wọ́n ti lú, kí ó lè pọ́n bí epo tuntun. Ohun tí wọ́n ṣe àró yẹn fún ni pólíìṣì bàtà, àbẹ́là àti epo mọ́tò. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó ń wọ ẹnu èèyàn. Àwọn onímọ̀ fi Sudan I, ọ̀kan nínú oríṣi àró náà, bọ́ eku, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló yọrí sí.

Wàhálà yìí kì í sì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ní 2015, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Gánà kó epo láti àwọn ọjà Accra lọ sí láàbù, Sudan IV ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ní 2005, ata gígún tí wọ́n fi Sudan I pa láró wọ inú ọbẹ̀ ìgò kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ibẹ̀ ó tàn dé inú oúnjẹ mìíràn, wọ́n sì kó oríṣi oúnjẹ tó lé ní 400 kúrò lórí àtẹ. Kí ló jẹ́ kí wọ́n rí wọn kó? Olúkúlùkù ọjà ló ní àmì tí wọ́n lè fi tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ibi tó ti wá. Mo lọ gbé ìgò tèmi, mo yí i síwá sẹ́yìn. Wọ́n kọ "batch" síbẹ̀, ìyẹn ibi tó yẹ kí nọ́mbà àwọn ọjà tí wọ́n jọ ṣe pọ̀ wà, òfìfo ló wà níwájú rẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Nọ́mbà NAFDAC ni mo rí tí ọkàn mi fi balẹ̀, mi ò wo ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ èyí dáadáa. Nọ́mbà yẹn ń sọ pé wọ́n yẹ ọjà náà wò nígbà tí wọ́n gbé e wá forúkọ sílẹ̀. Kò lè sọ ohun tí wọ́n rọ sínú ìgò tó dé ọwọ́ yín lónìí. Àwọn kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé nọ́mbà ọlọ́jà mìíràn ni wọ́n máa ń jí lẹ̀ mọ́ tiwọn.

Mo padà sí Àràdà. Onísọ́ọ̀bù náà kò bá mi jà rárá, ó ní kí n kó ìgò tó kù wá, òun á fún mi ní páálí méjì mìíràn. Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ fi èyí tí mo bá kó padà ṣe?" Ó dojú kọlẹ̀. Mo wá pe nọ́mbà fóònù tó wà lára ìgò. Ọkùnrin kan gbé e, ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Màmá, ẹ má jẹ́ kó di ariwo. A ó fi páálí mẹ́ta ránṣẹ́ sí yín lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ wa á wá kó èyí tó wà lọ́wọ́ yín." Kò bi mí bóyá ara ẹnikẹ́ni kò yá. Kò bi mí ọjọ́ tí mo rà á. Ìgò tó wà lọ́wọ́ mi ló ń wá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ fún yín, ẹ má gbà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba páálí tuntun, tí ẹ kó ti àkọ́kọ́ fún wọn, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn, ẹlòmíràn ni wọ́n sì máa tún un tà fún.

Mo gba ọ́fíìsì ìjọba kan lọ pẹ̀lú. Wọ́n ní kí n kọ̀wé, mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ kejì, mo padà, wọn ò rí ìwé náà mọ́. Mi ò dárúkọ ọ́fíìsì náà, mi ò sì dárúkọ iléeṣẹ́ epo yẹn, torí èsì láàbù kò tíì sí lọ́wọ́ mi, mi ò fẹ́ fi ẹnu lásán ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi mọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọwọ́ ní 2008, ẹ ó rántí My Pikin, oògùn eyín ọmọdé. Diethylene glycol, kẹ́míkà olóró, ló wọ inú rẹ̀ dípò èyí tó yẹ kí wọ́n lò. Ọmọ 84 ló kú. Ó di 2013 kí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó tó rán òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà méjì lẹ́wọ̀n ọdún méje. Ọdún 2008 yẹn kan náà, ní Ṣáínà, wọ́n da melamine, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe ike, sínú wàrà ọmọ ọwọ́. Àwọn ọmọ bí 300,000 ló ṣàìsàn, mẹ́fà kú. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún ọ̀gá iléeṣẹ́ Sanlu tó ṣe wàrà náà, olórí àjọ ìjọba tó yẹ kó máa yẹ oúnjẹ wò náà sì kọ̀wé fipò sílẹ̀. Èyí kẹ́yìn yìí ni a kì í sábà bèèrè fún níbí. A máa ń ṣépè fún ẹni tó lú ọjà, a kì í bi ẹni tí a ń sanwó oṣù fún pé kó máa ṣọ́ ọjà níbi tó wà. Láti 1993 ni òfin ti dá NAFDAC sílẹ̀. Òfin 2018 sì fún àjọ FCCPC lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Iṣẹ́ wọn ni, kì í ṣe ojú rere tí wọ́n ń ṣe fún wa.

Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan: oúnjẹ ló wà nínú oríkì wa gan-an. Kí ni ká máa wá fi pólíìṣì bàtà sè é fún?

Mo ti sọ fún àwọn ọmọ tó jẹun lọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Àwọn kan bínú, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Mo dá owó àwọn tó gbà á padà.

Ìgò márùn-ún tí mi ò ṣí ṣì wà nílé, mo ti fi ìwé wé wọn, mo kọ ọjọ́ tí mo rà wọ́n sára wọn, rìsíìtì sì wà lọ́wọ́ mi. Ibàdàn ni ọ́fíìsì NAFDAC ìpínlẹ̀ wa wà, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí wa, gbogbo wa sì mọ bí ọ̀nà Ọ̀yọ́ ṣe rí. Mo ń lọ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ìwé ẹnì kan lè sọnù. Ti ogún èèyàn kò ní rọrùn láti sọ nù. Bí ẹ bá ní irú ìgò yìí nílé, ẹ má fi sebẹ̀ mọ́, ẹ má sì dà á nù. Ẹ ya àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ kọ ibi tí ẹ ti rà á àti ọjọ́ rẹ̀ sórí ìwé. Èyí tí ẹ ò tíì ṣí ló wúlò jù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ Àìkú tó pé, n ó wá gbà á lọ́wọ́ yín, n ó sì buwọ́ lùwé fún yín pé mo gbà á.