Àyẹ̀wò Kinovea: irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń ṣe sítáàjì nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní Àjàṣẹ́

Kinovea ni sọ́fúwià tí mo ń lò jù lọ láti ìgbà tí mo ti jáde ní INJEPS, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ eré ìdárayá, tí mo sì wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù amọṣẹ́dunjú kan níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) láti ṣe sítáàjì, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí èèyàn lè yẹ fídíò eléré ìdárayá wò fínnífínní, kí ó sì wọn ohun tó bá rí níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò gba owó oṣooṣù, kò sì béèrè íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ bí a bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà tán. Fún ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí, tí ẹgbẹ́ tó gbà á kò sì ní owó ẹ̀rọ olówó ńlá, n kò tíì rí irinṣẹ́ mìíràn tó wúlò tó o. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń ya fídíò ni ìwúlò rẹ̀ wà, n ó sì fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí èyí, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó gbìyànjú rẹ̀ tí wọ́n sì pa á tì ló jẹ́ pé fídíò tí wọ́n yà ni kò dára.

Iṣẹ́ ọmọ sítáàjì nínú ẹgbẹ́ amọṣẹ́dunjú kò jọ ohun tí a ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Òun ló ń kọ́kọ́ dé pápá kí oòrùn tó mú, òun ló ń to kóònù, tó ń fi afẹ́fẹ́ sí bọ́ọ̀lù, tó ń ka igo omi àti àwọ̀lékè aláwọ̀ méjì. Bí ìdánrawò bá sì parí, òun náà ni yóò kó gbogbo rẹ̀ padà sí yàrá ẹrù. Ìgbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù bá lọ wẹ̀ ni iṣẹ́ tí ó tìtorí rẹ̀ kàwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. N kò ráhùn nípa rẹ̀, nítorí mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà dénú. Mo wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí inú wọn dùn kọjá ààlà nígbà tí Benin lé Morocco lọ pẹ̀lú pẹnáritì nínú Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 2019 ní Íjíbítì, tí a sì wà lára ẹgbẹ́ 8 tó kù nínú ìdíje náà, ìgbà yẹn ni mo sì ti mọ̀ pé ìdí bọ́ọ̀lù ni n ó ti jẹun.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ọmọ sítáàjì kì í tètè wọlé. Kóòṣì wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó bí mi. Kí ni ọmọ àná fẹ́ wí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń sáré? Bí mo bá lọ bá a pé, “Kóòṣì, ó dà bíi pé ẹsẹ̀ lágbájá kò tíì dá ṣáṣá,” wọ́n lè kà á sí àfojúdi, wọ́n sì lè kà á sí àìmọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀, tí mo ṣí fídíò, tí mo sì dákẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn Kinovea ju ohunkóhun lọ nìyí: ó jẹ́ kí ẹni tó kéré jù nínú ẹgbẹ́ lè gbé ọ̀rọ̀ wá síwájú àgbà láìsí àrífín.

Àwọn ẹgbẹ́ olówó ní Yúróòpù ń wọ agbábọ́ọ̀lù wọn ní àwọ̀lékè Catapult tó ní ẹ̀rọ GPS tó ń wọn eré sísá wọn láàárín èjìká méjèèjì, wọ́n sì ń sanwó fún sọ́fúwià Hudl láti gé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n sì pín in fún kóòṣì àti agbábọ́ọ̀lù. Ohun tí ẹgbẹ́ wa ní ni tẹlifóònù tó ń ya fídíò dáadáa, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo rà ní ọjà Ouando, àti kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tó ti pẹ́ díẹ̀. Ìwọ̀nba yìí tó fún Kinovea. Gbígbé e sórí kọ̀ǹpútà kò le rárá, ó sì ṣeé lò ní èdè Faransé, èyí tó rọrùn fún àwa tí a fi Faransé kàwé.

Bí fídíò bá ti ṣí, èèyàn lè máa gbé e lọ síwájú tàbí sẹ́yìn ní àwòrán kọ̀ọ̀kan, ó lè fa ìlà sórí rẹ̀, ó lè wọn igun orúnkún tàbí ti ìbàdí, ó lè fi aago sí i láti mọ bí ẹsẹ̀ ti pẹ́ tó lórí ilẹ̀. Ó tún lè yan ojú kan lára, kí sọ́fúwià náà máa tẹ̀ lé e láti àwòrán dé àwòrán, kí ó sì kó ìṣirò rẹ̀ jáde sínú fáìlì tí a lè ṣí pẹ̀lú Excel. Gbogbo ìwọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣe mí láǹfààní jù ni pé a lè ṣí fídíò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí a sì so wọ́n pọ̀ níbi ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà, kí wọ́n jọ máa rìn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún fi iṣan ẹ̀yìn itan ṣèṣe. Irú ìfarapa yìí wà lára èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú bọ́ọ̀lù, ó sì máa ń padà bí a bá kánjú. Ó sinmi, ó gba ìtọ́jú, ó ní ara òun ti yá. Kiné wa, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé ara, tẹ ibẹ̀ títí, kò rí ibi tó ń dùn ún. Mo ní fídíò eré sísá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, mo sì ya òmíràn ní ibì kan náà, pẹ̀lú igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà, láti ọ̀nà jíjìn kan náà. Nínú yàrá ẹrù, mo ṣí méjèèjì, mo so wọ́n pọ̀ níbi tí ẹsẹ̀ òsì ti kan ilẹ̀, mo sì ń gbé wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Nínú ti àtijọ́, itan ọ̀tún gòkè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, ẹsẹ̀ sì nà jìnnà kí ó tó balẹ̀. Nínú ti tuntun, itan náà kò tíì gòkè tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ sì ń balẹ̀ nítòsí ara.

Kóòṣì fà síwájú lórí àga rẹ̀. “Dá a padà díẹ̀, àbúrò.” Mo dá a padà. “Ó tó. Máa gbé e bọ̀.” Nígbà tó wò ó tán, ó ní kí wọ́n pe agbábọ́ọ̀lù náà wá. Ọmọ náà dúró lẹ́yìn wa, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀ láìsọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Kóòṣì, n kò fẹ́ purọ́ fún yín. Kò dùn mí mọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá ti fẹ́ nà án tán, ọkàn mi á já.” Kò sí ẹni tó bínú sí i. Wọn kò fi í sínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kiné sì ṣètò eré sísá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń nà sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ẹ̀rù náà fi kúrò. Bí mo bá fẹnu lásán sọ ọ́, mo gbà pé bóyá ni ẹnikẹ́ni ìbá dá mi lóhùn.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ló kàn. Ọ̀pọ̀ tẹlifóònù ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan bí a kò bá yí i padà. Agbábọ́ọ̀lù tó ń sáré mítà 9 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò ti rìn sẹ̀ǹtímítà 30 láàárín àwòrán kan sí èkejì, gbogbo ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe láàárín rẹ̀ kò sì sí nínú fídíò. Bí a bá yí tẹlifóònù sí àwòrán 240, ìrìn náà kò ní tó sẹ̀ǹtímítà 4. Ẹ wo bí èyí ṣe kan fífò sókè, tí a máa ń dán àwọn agbábọ́ọ̀lù wò lé lórí. A ń ka iye àwòrán tí ẹsẹ̀ fi wà lókè, a sì ń ti ibẹ̀ ṣírò gíga ìfò. Bí ẹsẹ̀ bá wà lókè fún ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, ìfò náà jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 31. Lórí fídíò alá-30, àwòrán 15 nìyẹn. Bí ojú wa bá tan wá tí a ka 16, ìfò náà ti di sẹ̀ǹtímítà 35. Àwòrán kan péré ló fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin kún un, kóòṣì sì lè tìtorí ẹ̀ rò pé ìdánrawò oṣù kan ti so èso. Lórí fídíò alá-240, àṣìkà àwòrán kan kò ju nǹkan bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ má sì gbàgbé láti sọ fún Kinovea pé iye àwòrán báyìí ni kámẹ́rà fi yà á, nítorí pé fídíò tí tẹlifóònù ti fà gùn kí ó lè máa lọ díẹ̀díẹ̀ yóò mú kí aago rẹ̀ máa purọ́.

Ibi tí kámẹ́rà dúró sí náà ṣe pàtàkì. Kinovea kò mọ̀ ju òró àti ìbú lọ. Bí eléré bá ń sáré bọ̀ lápá kan, tí kámẹ́rà kò sì dojú kọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tààrà, igun tí sọ́fúwià yóò kọ síbẹ̀ kì í ṣe igun orúnkún rẹ̀ ní tòótọ́. Nítorí náà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni kí kámẹ́rà kọjú sí, ní gíga ìbàdí, kí ó má sì mì. Fídíò tí a yà láti orí àga ìjókòó pápá ìṣeré Stade Charles de Gaulle níbí dùn ún wò, ó sì dára fún ètò eré, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a fi ń wọn igun. Bákan náà, kí a tó wọn jíjìn, a ní láti fi ohun tí a mọ gígùn rẹ̀ han sọ́fúwià. Òpó ilé bọ́ọ̀lù ga ní mítà 2.44, ó sì wà ní gbogbo pápá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fò nítòsí òpó nìkan ló wúlò fún. Bí eléré bá fi mítà mélòó kan jìnnà sí i, ẹ gbé ọ̀pá tí ẹ ti wọ̀n sí ojú ibi tí òun náà yóò gbà kọjá. Èmi tún máa ń lẹ téèpù funfun mọ́ ìbàdí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀, kí n má baà máa fojú bù ú.

Ohun mìíràn wà tó jẹ́ pé iwájú ni a ti ń wò ó, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́: mo fi Kinovea ṣọ́ ọ̀dọ́ kan tó ń gbá ẹ̀yìn ẹ̀gbẹ́ òsì, tí orúnkún rẹ̀ ń wọnú nígbà tó bá fò kan bọ́ọ̀lù lórí tó sì balẹ̀. Irú ìbalẹ̀ yìí ló ń kó ewu bá okùn inú orúnkún, ó sì wà lára ohun tí ètò ìmúragbóná FIFA 11+ ń gbìyànjú láti tún ṣe. Ìṣẹ́jú 20 ni ètò náà ń gbà, kò sì gba irinṣẹ́ kankan ju bọ́ọ̀lù lọ. Ọmọ náà kì í fẹ́ ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tó rí orúnkún ara rẹ̀ lójú fídíò, kò sí ẹni tó tún ń lé e mọ́.

Kinovea ní ibi tó kù sí. Windows nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́, ẹni tó ní Mac kò lè lò ó bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tí a lè gbé sórí tẹlifóònù láti fi ṣiṣẹ́ létí pápá. Fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìṣẹ́jú 90, ẹ wá nǹkan mìíràn: kò wà fún kíka páàsì tàbí gígé gbogbo eré sí wẹ́wẹ́. Ohun tó sì ń gba àkókò mi jù ni pé bí a bá ní kó tẹ̀ lé ojú kan lára, ó máa ń sọ ọ́ nù bí ọwọ́ bá bo ìbàdí tàbí bí àwọ̀ ṣòkòtò bá jọ ti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. A ó padà sẹ́yìn, a ó fi ọwọ́ gbé àmì náà sí ipò rẹ̀, a ó sì tún máa bá a lọ. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin eré sísá lè gba odindi ọ̀sán bí fídíò kò bá mọ́lẹ̀.

Síbẹ̀, mo gba gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣe irú sítáàjì yìí, ìbáà jẹ́ ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Sábẹ̀, níyànjú pé kí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lò kí wọ́n tó dé ẹgbẹ́, kí wọ́n fi ọ̀rẹ́ wọn tó ń sáré ní pápá ilé-ìwé dán an wò. Kí wọ́n sì máa gba àṣẹ lọ́wọ́ agbábọ́ọ̀lù kí wọ́n tó yà á, kí wọ́n má sì fi fídíò ẹni tó ń ṣàárẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp, nítorí pé ẹgbẹ́ tó fẹ́ ra ọmọ náà lọ́la lè tìtorí rẹ̀ fà sẹ́yìn. Kinovea ń fi gbogbo ìlà àti igun tí a fà pamọ́ sínú fáìlì kékeré tó yàtọ̀ sí fídíò fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni mo ń kó sórí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí kámẹ́rà dúró sí, kí ọmọ sítáàjì tó ń bọ̀ lè ya tirẹ̀ láti ojú kan náà.